Ẹ̀jẹ̀ apá tí wọ́n fẹ́ gún sí ìdí

Màmá kan tó ń ta iṣu ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ló ní kí ọmọ òun obìnrin bá òun kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Mo gé e kúrú díẹ̀:

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 27, fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí ní Adó. Wọ́n ní àwọn ò lè gbà á, pé ó ní hẹpatáítíìsì B, àrùn tó ń mú ẹ̀dọ̀. Ara rẹ̀ le koko, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan ní àdúgbò wa ní òun á máa fa ẹ̀jẹ̀ ní apá rẹ̀, òun á sì máa gún un padà sí ìdí rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò wò ó sàn, kò sì gbọdọ̀ fẹnu kan oògùn òyìnbó. Ọmọbìnrin aládùúgbò wa tí ìléròrò ta yọ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ikùn, tó ń ta á bí iná, ṣe é, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbẹ. Ṣé kí n sanwó? Mo ti ya àwo àti ṣíbí ọmọ mi sọ́tọ̀."

Màmá, ẹ kú oríire ọmọ tuntun, ẹ sì kú làálàá tó tẹ̀ lé e. Ẹ má sanwó. Bí ẹ bá ti san ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo mọ̀ pé ọkùnrin yẹn á padà wá, ọ̀rọ̀ sì dùn lẹ́nu irú wọn, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ̀ ń kọ̀.

Ẹ mọ bí ògì ṣe ń sílẹ̀ nínú ike lẹ́yìn tí a bá sẹ́ ẹ tán. Ẹ̀jẹ̀ náà ń sílẹ̀. Bí a bá fà á sínú ìgò tín-ín-rín ní láàbù, tí oògùn tí kì í jẹ́ kó dì wà níbẹ̀, tí a wá gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yí bírí, láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èyí tó pupa á ti lọ sísàlẹ̀, omi tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí omi ọsàn á dúró lókè, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan á sì dábùú láàárín wọn. Ìlà funfun yẹn làwọn sójà ara. Ohun ìjà tí wọ́n ń rọ wà nínú omi òkè. Ohun tí ọkùnrin yẹn kò sọ fún yín ni pé inú omi òkè kan náà ni kòkòrò hẹpatáítíìsì B wà lára ọmọ yín. Ẹ̀wù ara kòkòrò yẹn làwọn tó fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí tí wọ́n fi ní kó máa gbé e lọ.

Nítorí náà, bó bá ki abẹ́rẹ́ bọ apá ọmọ náà, sójà àti ọ̀tá ló jọ fà jáde, àwọn méjèèjì ló sì jọ ń gbé lọ sí ìdí. Àgbàlagbà ní ẹ̀jẹ̀ bíi lítà 5 lára. Mìlílítà 10, tó jẹ́ iye tí wọ́n sábà máa ń fà, kò ju ìdá kan nínú 500 lọ. Láàárín bí ìṣẹ́jú kan péré, ọkàn ti fi gbogbo ẹ̀jẹ̀ yẹn yí ara po lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ tó wà ní apá lówùúrọ̀ yìí ti dé ìdí, ó ti dé àtàǹpàkò, ó ti gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá lọ́pọ̀ ìgbà kí ẹ tó jí. Kò sí ìròyìn kankan tó lè mú dé ìdí tí ìdí kò tíì gbọ́.

Wọn á ní rárá, pé ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ náà bọ́ sínú ẹran ara, níbi tí kì í gbé, pé ara á rí i bí àlejò, sójà á sì ta gìrì. Màmá, ẹ rántí ìgbà tí ẹ fi ojúgun gbá àpótí, tí ibẹ̀ wú, tó dúdú, tó wá pọ́n bí ewé tó fẹ́ rọ kó tó parẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó kú sára nìyẹn: ẹ̀jẹ̀ yín, tó jáde nínú iṣan rẹ̀, tó wọ inú ẹran yín. Ara a máa kó o kúrò díẹ̀díẹ̀ láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, bí ẹni ń gbálẹ̀. Kó o kúrò náà ni gbogbo ohun tó ń ṣe. Bí ẹ̀jẹ̀ inú ẹran bá ń lé kòkòrò, àwọn ọlọ́kadà Adó kì bá tí mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀fìnkìn.

Ọkùnrin àdúgbò yín kọ́ ló dá a sílẹ̀ o. Dókítà awọ ara kan ní ilẹ̀ Faransé, Paul Ravaut, ti kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1913. N kì í bú àwọn ará ìgbà yẹn. Pẹnisílínì kò tíì sí, kò sí oògùn kankan tó lè mú kòkòrò irú èyí tí à ń sọ yìí, ẹni tó ń ṣàìsàn sì jókòó síwájú wọn, wọ́n ní láti gbìyànjú nǹkan. Nígbà tí oògùn gidi dé, púpọ̀ nínú wọn fi abẹ́rẹ́ ìdí yìí sílẹ̀. Ó tún wá jí dìde ní Brazil, nígbà tí fídíò dókítà kan tó ń jẹ́ Luiz Moura bẹ̀rẹ̀ sí í tàn káàkiri lẹ́yìn 2004. Ohun tó ń sọ nínú rẹ̀ ni pé abẹ́rẹ́ yìí á mú oríṣi sójà kan pọ̀ láti ìdá 5 sí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dùn létí. Àmọ́ inú ẹran ara ni irú sójà tó dárúkọ yẹn ń gbé, kì í ṣe inú ẹ̀jẹ̀, ká tiẹ̀ wá ní ó pọ̀ lóòótọ́, kí sójà pọ̀ àti kí àrùn lọ kì í ṣe nǹkan kan náà. Ní 2007, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Brazil kìlọ̀ fáráàlú pé ẹ̀rí kò sí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Bó ṣe wá dé Ìkẹ́rẹ́, WhatsApp nìkan ló mọ̀.

Bí ẹnì kan bá tún sọ fún yín pé ti olówó dára jù, èyí tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sínú àpò, tí wọ́n ń fẹ́ gáàsì ozone sí i kí wọ́n tó dá a padà, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Àjọ FDA, tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú òfin wọn pé gáàsì olóró ni ozone, kò sì ní ìwúlò tí a mọ̀ nínú ìṣègùn. Ó kàn gbówó lórí ju ti ìdí lọ ni.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọmọbìnrin aládùúgbò yín, torí òun gan-an ló gba ọkàn yín, ẹ fojú rí i. Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ yẹn, ó jọ èyí tí à ń pè ní shingles. Kòkòrò chickenpox tó mú un ní kékeré ló sá pamọ́ sí gbòǹgbò iṣan ìmọ̀lára, tó tún wá jáde lẹ́yìn ọdún pípẹ́. Ìléròrò yẹn a máa gbẹ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Tirẹ̀ gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àkùkọ tó kọ kó tó di pé ilẹ̀ mọ́ kọ́ ló mú ilẹ̀ mọ́. Àmọ́ ẹ bá mi sọ fún un ní bòókẹ́lẹ́, kó lọ ṣe àyẹ̀wò HIV. Kì í ṣe pé mo fẹ̀sùn kàn án. Irú ìléròrò yẹn wọ́pọ̀ lára àgbàlagbà, bó bá wá yọ sára ọ̀dọ́, a máa ń fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan kan ń tán sójà ara lókun. Bó bá jẹ́ òun ni, oògùn rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́.

Hẹpatáítíìsì B náà ní irú ẹ̀tàn yìí nínú. Bí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ pé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o, nǹkan bí márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ara wọn á lé e dànù láàárín oṣù mẹ́fà, láìlo ohunkóhun. Ẹni tó bá mu àgbo láàárín oṣù mẹ́fà yẹn á ní àgbo ni. Ẹni tó bá gbẹ̀jẹ̀ sí ìdí á ní ẹ̀jẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ wá yí padà pátápátá fún ọmọ ìkókó: bó bá kó o lọ́jọ́ ìbí, bí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni kòkòrò náà á bá gbé títí ayé. Ọ̀pọ̀ àwọn tí à ń rí ní ọ̀dọ̀ wa níbí, kékeré ni wọ́n ti kó o, bíi tọmọ yín ló ṣe rí: ara le, àfìgbà tí wọ́n lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Mi ò sọ pé ẹ̀jẹ̀ kì í woni o. Ìtàn kan wà tó jẹ́ ti ilẹ̀ wa. Ní 1969, nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì kan, Laura Wine, ṣàìsàn ní ìlú Lassa, lápá ìlà-oòrùn àríwá Nàìjíríà. Wọ́n gbé e lọ sí Jos, ó kú. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀, Charlotte Shaw, kú. Ẹnì kẹta, Lily Pinneo, ni wọ́n fi bàálù gbé lọ sí New York, ó jà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ó sì yè. Jordi Casals tó ń ṣèwádìí kòkòrò náà ní yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà wá kó o, ara rẹ̀ gbóná bí iná. Ẹ̀jẹ̀ Pinneo tó ti yè ni wọ́n fà, omi òkè rẹ̀ ni wọ́n yọ, tí wọ́n fà sí Casals lára. Ó yè. Àìsàn yẹn ló di ibà Lassa, tí àwọn ará Ọ̀wọ̀ tó múlé gbè wá ń bá fà á lọ́dọọdún.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ Casals ni wọ́n fún Casals. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ti ṣẹ́gun ni, tí ohun ìjà ti pé sínú rẹ̀, tí ọ̀tá sì ti tán níbẹ̀. Ẹyọ ènìyàn kan kò tó ẹ̀rí lóòótọ́, mi ò sì ní fi í ṣe ẹ̀rí. Àmọ́ ní Argentina, ibà kan wà tó jọ Lassa, ọmọ ìyá ni kòkòrò wọn. Dókítà Maiztegui àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fún àwọn aláìsàn kan ní omi ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ti yè, wọ́n fún àwọn yòókù ní omi ẹ̀jẹ̀ lásán, kí wọ́n lè fi wéra. Nínú àwọn tó gba ti lásán, ìdá 16.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú. Nínú àwọn tó gba ti ẹni tó ti yè, ìdá 1.1. Wọ́n tẹ èsì náà jáde ní 1979. Bẹ́ẹ̀ wọ́n rí i pé kò ṣiṣẹ́ bí wọn ò bá tètè fún un, láàárín ọjọ́ mẹ́jọ àkọ́kọ́. Nígbà tí Ebola jà ní Guinea ní 2015, wọ́n dán irú rẹ̀ wò lára ènìyàn 84, kò fi bẹ́ẹ̀ gba ẹ̀mí là. Ẹ rí i pé ti ẹni tó ṣẹ́gun pàápàá, wọ́n ń dán an wò kí wọ́n tó gbà á gbọ́.

Ti ara ẹni náà wà, bí a bá kọ́kọ́ yí i padà. Ní 2014, àwọn kan ní Amẹ́ríkà fa sójà ara àwọn ènìyàn 12 tó ní HIV, wọ́n gé ilẹ̀kùn tí kòkòrò ń gbà wọlé kúrò lára wọn, wọ́n sì dá wọn padà. Iṣẹ́ láàbù ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ní kí àwọn kan nínú wọn dáwọ́ oògùn dúró, kòkòrò padà lára ọ̀pọ̀ wọn. Bí èyí tí wọ́n fi ìmọ̀ tó tó báyìí tún ẹ̀jẹ̀ ṣe kò bá tíì borí kòkòrò, kí ni mìlílítà 10 tó ń bọ́ láti apá dé ìdí láìyà síbì kankan fẹ́ ṣe?

Ẹ gbọ́ èyí náà, ó wù mí púpọ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára hẹpatáítíìsì B àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1981, inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń gbé kòkòrò náà ni wọ́n ti yọ ọ́. Ẹ̀wù ara kòkòrò yẹn ni wọ́n ṣà kúrò nínú omi òkè, tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n pa ohunkóhun tó bá ṣì wà láàyè nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹni tí àrùn náà kò tíì mú ni wọ́n ń fún. Ara ẹni tí kò rí ọ̀tá rí ni à ń fi ẹ̀wù ọ̀tá hàn. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ yín ti máa wo ẹ̀wù yẹn lójoojúmọ́ fún bí ogún ọdún.

Ẹ lè ní, "Dókítà, bí kò bá ṣe é lóore, ṣé á ṣe é níbi?" Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n gbé awakọ̀ kan wá bá mi, ẹ̀gbẹ́ ló fi dùbúlẹ̀, kò lè jókòó. Abẹ́rẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹfà ló gbà. Ìdí rẹ̀ gbóná, ó le bí àgbọn. Nígbà tí a là á, ọyún àti ẹ̀jẹ̀ tó ti pẹ́, tó dúdú bí àdín, ló tú jáde, ó tó ife kan. Ẹ̀jẹ̀ tó dúró sójú kan, oúnjẹ ni fún kòkòrò. Ní láàbù, ẹ̀jẹ̀ àgùntàn la fi ń sin kòkòrò bí a bá fẹ́ kó hù. Ohun tí ọkùnrin yẹn ń bi mí, bó ṣe ń làágùn yẹn, ni bóyá wọ́n á dá owó mẹ́rin tó kù padà fún òun, torí ó ti san án sílẹ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ju ọyún lọ ni ẹni tó máa jókòó sórí àga yẹn lẹ́yìn ọmọ yín. Kòkòrò hẹpatáítíìsì B lè wà láàyè lórí tábìlì fún ọjọ́ méje ó kéré tán, nínú ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ tí ojú kò rí. Ọkùnrin yẹn ń fa ẹ̀jẹ̀ oníkálukú lórí tábìlì kan, pẹ̀lú ọwọ́ kan. Ní Íjíbítì, abẹ́rẹ́ tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń gún fáráàlú láti wo àtọ̀sí ajá, tí wọn ò pààrọ̀ dáadáa, ló tan hẹpatáítíìsì C ká orílẹ̀-èdè náà. Ìjọba nìyẹn o, pẹ̀lú dókítà àti nọ́ọ̀sì.

Oògùn òyìnbó tó ní kó má fẹnu kàn ńkọ́? Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní kòkòrò yìí ló nílò oògùn. Àyẹ̀wò ló ń sọ. Kí ọmọ yín lọ sí ilé ìwòsàn yunifásítì ní Adó, tàbí ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó, kó ní òun fẹ́ rí dókítà ẹ̀dọ̀. Wọn á wo bí kòkòrò náà ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọn á wo bóyá ẹ̀dọ̀ ń bà jẹ́, wọn á ya àwòrán rẹ̀, wọn á sì tún àyẹ̀wò àkọ́kọ́ yẹn ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Bó bá nílò oògùn, tenofovir ni wọ́n sábà ń fún un, hóró kan lójúmọ́. Kì í lé kòkòrò lọ tán, torí ó ti fi ẹ̀dà ara rẹ̀ pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ níbi tí oògùn kò dé, àmọ́ á so ó mọ́lẹ̀ kí ẹ̀dọ̀ má baà le, kó má baà di jẹjẹrẹ. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò gbọdọ̀ dáwọ́ rẹ̀ dúró láìsọ fún dókítà. Kòkòrò tí a tú sílẹ̀ lójijì a máa ja ẹ̀dọ̀ burúkú. Kó jìnnà sí ọtí, àti ẹmu àti ògógóró. Kí ẹ má fi ẹ̀pà tàbí àgbàdo tó ti bu se oúnjẹ fún un. Májèlé inú èébu yẹn àti kòkòrò yìí, wọ́n jọ ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti mú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ wá.

Ibi tí owó yín yẹ kó lọ kọ́kọ́ nìyí: ìyàwó rẹ̀. Kó lọ ṣe àyẹ̀wò bí wọn ò bá ṣe é nígbà oyún. Bí kò bá ní in, abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́ta ni, ó parí. Ẹ tún yọ káàdì ọmọ tuntun wò. Ti hẹpatáítíìsì B wà níbẹ̀ fún ọjọ́ ìbí, ó yẹ kí wọ́n ti gún un láàárín wákàtí 24. Ó tún wà nínú èyí tí wọ́n ń gbà ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Ọ̀fẹ́ ni ní ilé ìlera ìjọba. Bí ojú ti ọjọ́ ìbí bá ṣófo, ẹ gbé ọmọ lọ lọ́la. Àwọn àbúrò ọmọkùnrin yín náà, kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò, àti ẹ̀yin fúnra yín. Mi ò sọ ọ́ láti dá yín lẹ́bi: àrùn tí ìyá lè gbé láìmọ̀ ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwo àti ṣíbí. Kòkòrò yìí kì í gba inú oúnjẹ, kì í gba inú ife, kì í gba ìfọwọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà, àti ìbálòpọ̀, àti ìbímọ. Abẹ ìfárùngbọ̀n rẹ̀, ohun tó fi ń gé èékánná àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀ ni kó dá ní, bí wọ́n bá sì fẹ́ sín gbẹ́rẹ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé, abẹ tuntun ni kí wọ́n lò. Àwo rẹ̀, ẹ dá a padà sáàárín ti àwọn yòókù. Bí ẹ bá gúnyán lálẹ́ òní, ẹ jẹ́ kó bá àwọn àbúrò rẹ̀ bu ọwọ́ bọ abọ́ kan náà.